Ìlà Kẹta Kò Ní Í Dákẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rín ni ìfẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó wá bi obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí léèrè. Ìbínú ni tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ìbínú gidi, èyí tí í mú kí etí gbóná.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní yàrá kan tó wà lókè ilé ìtẹ̀wé. Ibẹ̀ ni Màmá Olórin ti máa ń kọrin. Yàrá náà kò tóbi. Ọgọ́ta àga péré ló gbà, kò sí pèpéle, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òórùn tàdáwà a sì máa gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Màmá Olórin ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ẹni tó ni òun ti dàgbà. Òun àti ọkùnrin kan tó ń ta gìtá fún un ni wọ́n máa ń dúró níwájú, wọ́n sì sún mọ́ni débi pé èèyàn lè rí òógùn lórí ètè wọn.

Màmá Olórin ní àṣà kan. Kò ní elégbè. Àwọn tó wá gbọ́ orin ni elégbè rẹ̀. Tó bá ti dá orin, á na ìka sí ìlà àga kan, ìlà yẹn ló gbọ́dọ̀ gba ègbè. Ojú sì máa ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á máa wo bàtà wọn, wọ́n á máa kùn wúyẹ́wúyẹ́. Àfi ìlà kẹta. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í wo bàtà. Tí ìka bá ti nà sí i, á ya ẹnu, ohùn á jáde, gíláàsì fèrèsé á gbọ̀n. Màmá Olórin kò mọ orúkọ rẹ̀. "Ìlà Kẹta" ló ń pè é, gbogbo ilé sì bá a pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, Ìlà Kẹta ló ń gbé fóònù ní ọsibítù ńlá kan. Nínú yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé ló ti ń so àwọn tó ń pè pọ̀ mọ́ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń wá. Àwọn kan á pè pẹ̀lú ẹkún, àwọn kan á pè pẹ̀lú èébú. Òfin ibi iṣẹ́ ni pé kò gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè, ohun yòówù tí wọn ì báà sọ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀." "Ẹ má bínú, mà." "Ẹ má bínú, sà." Ohùn náà rọ̀ bí òwú. Ọjọ́ márùn-ún ló fi ń gbé ohùn ara rẹ̀ mì. Wákàtí méjì ọjọ́ Àìkú ló fi ń mí.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ọkùnrin kan wọlé, kò sì lè jókòó sójú kan. Ó jókòó ní ìlà kejì, àga han. Ó dìde, ó lọ sórí òmíràn, ó yídìí sọ́tùn-ún, ó yídìí sósì, ìyẹn náà han. Orin tí Màmá Olórin fi ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń kọ lọ́wọ́, orin tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ mí sókè sí. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe wá jókòó ti Ìlà Kẹta, tó tún mi ìdí. Kíéé!

"Ọ̀gbẹ́ni," Ìlà Kẹta sọ sí i létí, "ṣé ẹ̀gún wà nínú ṣòkòtò yín ni?"

"Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ ká máa ba orin olórin jẹ́?"

Ọkùnrin náà fa ṣọ́ọ̀kì yọ nínú àpò, ó fi sàmì sí ẹsẹ̀ àga tó jókòó lé. "Káfíńtà ni mí. Onílé ló ní kí n wá wá àwọn àga tó ń han. Àga kì í dá han, àfi kéèyàn jókòó lé e. Ilé sì gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́ kí n tó lè gbọ́ ọ."

"Ẹ ò lè wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo nísàlẹ̀. Ta ló máa gbọ́ ohùn àga?"

Ìdáhùn náà mọ́gbọ́n dání, ohun tó sì bí i nínú jù nìyẹn. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn gbé ẹjọ́ rẹ̀ dìde, kí ẹni tó ń bá ṣẹjọ́ sì jàre ní gbólóhùn kan? Ó yíjú kúrò. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá Olórin na ìka. "Ọ̀nà jìn o!" ló dá, Ìlà Kẹta sì fi gbogbo ìbínú ọjọ́ náà gbà á: "Ẹsẹ̀ mi ń bọ̀!" Káfíńtà jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àga mọ́kànlá ló yẹ kí òun sàmì sí, pé méje lòun rántí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò sí àga tó han. Káfíńtà san owó ìwọlé bí gbogbo èèyàn, ó jókòó sí ìlà kẹta, kò mira.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí orin bá parí, wọ́n á jọ rìn dé ibùdókọ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí orin tó dùn jù. Tí Màmá Olórin bá rìnrìn àjò, wọ́n á wá àwọn olórin mìíràn lọ: ọkùnrin kan tó ń fọn fèrè nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìtajà ìwé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń kọrin nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan. Káfíńtà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀, ó ní òun máa ń gbọ́ orin nínú pákó. Ìlà Kẹta máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá délé, ó máa ń gbé ọwọ́ lé pákó ibùsùn rẹ̀, bóyá òun náà á gbọ́ nǹkan. Ó ti kó sí i nìyẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Káfíńtà ní, "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Lọ sọ nílé yín ná," ni Ìlà Kẹta fèsì, bí ẹni pé àyà rẹ̀ kò já.

Ilé wọn! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Màmá Tíṣà ni ìyá Káfíńtà. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé, ó sì ti gbọ́ ariwo tó tó gbọ́ láyé. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà obìnrin ló di alárinà. Nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù kan náà lòun àti Ìlà Kẹta ti ń ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́ta ló sì ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù láìtíì rí ojú rẹ̀ rí.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá rẹ̀. "Mo mọ ọmọ náà dáadáa. Kì í gbóhùn sókè. Wọ́n á bú u, á ní kí wọ́n má bínú. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ilé yín á tòrò."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ohùn iṣẹ́ ni èèyàn fi yan ìyàwó fún àbúrò rẹ̀, àfi bí ẹni tó fi aṣọ iṣẹ́ mọ ìwà oníṣẹ́. Káfíńtà jókòó níbẹ̀. Ó mọ òótọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìyẹn ló ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí nínú títí dòní.

Màmá Tíṣà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ nǹkan fún tí kì í fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gbọ́ pé ibi orin ni àwọn ọmọ náà máa ń wà lọ́jọ́ Àìkú, ó bá lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Ó gbọ́ "Ọ̀nà jìn o!" Ó gbọ́ ohun tó dáhùn. Ó dìde kí orin tó parí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún ní ọsibítù.

"Ẹ káàárọ̀. Ta ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni. Ìyá Káfíńtà nìyí."

Ìlà Kẹta ta gìrì lórí ìjókòó. Ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ń wo ìwé iṣẹ́. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Mo wá síbi orin yẹn. Mo gbọ́ ẹ. Ẹnu yà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ṣàlàyé. Ó ní tí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, o ò ní lọ síbẹ̀ mọ́, pé ìwọ fúnra ẹ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ẹ̀jẹ̀ rú dé orí Ìlà Kẹta. Òun fúnra òun? Nígbà wo? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu òun? Igbe ńlá kan dìde láti inú rẹ̀, ó dé ọ̀fun, ó bá ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, mà," ó sọ ọ́ ní ohùn tó rọ̀ bí òwú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀."

Ó bá so ó pọ̀ mọ́ ilé ìfọṣọ ọsibítù. Wọ́n ní Màmá Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan kó tó yé e pé ibòmíràn lòun wà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ìlà Kẹta kò lọ sílé. Ìsọ̀ Káfíńtà ló kọrí sí. Ó bá a níbi tó ti ń fá pákó.

"Ta ló yá ẹ lẹ́nu mi?"

Káfíńtà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ṣe. "Jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Ta ló sọ fún ìyá ẹ pé mi ò ní lọ síbi orin mọ́?"

"Wọ́n bínú nígbà tí wọ́n dé. Mo ní láti fi nǹkan tù wọ́n nínú."

"O wá fi ohùn mi tù wọ́n nínú! Tìẹ ni? Ṣé o bá mi ra á ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Tá a bá ti délé wa tán, ta ló máa mọ̀? A máa rọra máa lọ."

"A máa rọra!" Ohùn Ìlà Kẹta mú kí ọkùnrin tó ń kun ilẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. "Kí n máa yọ́ lọ gbọ́ orin bí ẹni tó ń lọ jalè? Nínú ayé tí mo ti ń yọ́ sọ̀rọ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè?"

"Màmá ni, o mọ bí wọ́n ṣe rí…"

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Ìwọ ni mo mọ̀. Padà síbi tó o ti lọ fi mí ṣèlérí, kó o lọ gba ìlérí náà padà."

Ó ní òun á lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó ní ara Màmá kò yá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní inú Màmá kò dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sọ nǹkan kan. Ìlà Kẹta sì wá ń ru ìbínú rẹ̀ sí Màmá Tíṣà kiri bí ẹrù. Ó ń bínú sí i nínú ọkọ̀, ó ń bínú sí i lórí oúnjẹ. Arúgbó wo ló fẹ́ pa òun lẹ́nu mọ́ nínú ilé òun?

Nílé pàápàá, kò rí ẹni gbè é. Dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, ẹni tó gbà pé ìṣòro kò sí tí èèyàn ò lè yà fún.

"Ṣé nítorí orin lo ṣe fẹ́ wà láìlọ́kọ?" bàbá bi í. "Orin tí kì í ṣe ìwọ lo ni ín?"

"Bàbá, ohùn mi ni mo ní."

"Ohùn kì í di ọkọ ẹni. Yà fún wọn, jàre. Tí ọ̀nà bá là, wàá padà sójú títì."

Ó fi òru ro ọ̀rọ̀ náà. Bóyá ìgbéraga ni. Ó ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ lórí pákó, ó fẹ́ràn bó ṣe ń dákẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ní kí òun dán an wò. Kò lọ síbi orin. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó kó aṣọ mímọ́ jáde láti inú àpótí, ó ń fọ̀ ọ́. Nígbà tó di aago márùn-ún, ó ń fi ọṣẹ gbo aṣọ náà bí ẹni tó ń bá a jà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ nígbà náà pé òun kò lè ṣe é. Kì í ṣe pé òun kò fẹ́. Òun kò lè ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹbí méjèèjì ti dá, wọ́n pàdé ní pálọ̀ bàbá rẹ̀. Màmá Tíṣà jókòó ṣánṣán, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Káfíńtà wà létí ilẹ̀kùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ń wá ọ̀nà láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìlà Kẹta kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Nígbà tó dìde, kò jókòó.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn mi gan-an, torí èyí tí Àǹtí gbọ́, ti ọsibítù ni. Mi ò ní fi ibi orin sílẹ̀. Mi ò ṣèlérí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn kí n tó lè fẹ́ ọmọ yín, ẹ má bínú, mi ò ní in."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì lanu sílẹ̀. Kò gbà pé ẹni kan náà ló ń sọ̀rọ̀.

Màmá Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un wọ̀. "Èmi? Èmi bèèrè kí ni?"

"Pé kí n má lọ mọ́."

"Ta ni mo bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo dé láti ibẹ̀, kí ni mo bi ẹ́?"

Káfíńtà kò gbójú sókè.

"Mo ní, 'Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi sọ fún mi pé ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ sókè?' Ìyẹn nìkan ni mo bi í. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n má ṣèyọnu, pé ẹ ti jọ sọ ọ́, o ò ní lọ mọ́. Mi ò tọrọ ẹ̀. Tí wọ́n bá fún tíṣà lẹ́bùn, á dúpẹ́ ni, kò ní bèèrè bóyá wọ́n jí i."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà ló sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ rẹ̀ sì ti lọ. "Ọmọkùnrin, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Kí ló dé?" Ìlà Kẹta ló bi í. Kò pariwo. Kò tiẹ̀ lágbára rẹ̀.

"Inú mi kì í dùn," Káfíńtà dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tó o bá ń gba ègbè, gbogbo ilé á yíjú sí ẹ. Mo rò pé tá a bá fẹ́ra, á kúrò lọ́kàn mi. Kò kúrò."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bínú sí ìyá ẹ, aláìmọwọ́mẹsẹ̀! Mo sùn tí mò ń bínú sí wọn, mo jí tí mò ń bínú sí wọn, o sì ń wò mí! Ibi tí mo ti ń ké lo ti bá mi. Ibẹ̀ lo ti ní o fẹ́ mi. Ta gan-an lo wá fẹ́ fẹ́?"

Kò dúró gba èsì, ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ má dá ọjọ́ kankan, Bàbá," Ìlà Kẹta wí. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, mà. Ẹ forí jì mí pé mo fẹ̀sùn tí kì í ṣe tiyín kàn yín."

Wọ́n dìde. Nígbà tí Màmá Tíṣà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe láìnídìí.

"Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Aago mẹ́rin, mà."

"Èmi nìkan ni mo máa wá. Ṣé o rí ọjọ́ yẹn tí mo jáde kí orin tó tán? Kì í ṣe ariwo ẹ ló lé mi. Mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ń jó, ojú wá ń tì mí." Ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì jáde níwájú rẹ̀.

Òótọ́ ló wá. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlà kẹta ló sì ń jókòó sí. Oṣù mẹ́rin kọjá kí Káfíńtà tó yọjú. Ìgbà tó dé, ìlà ẹ̀yìn ló wà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó gbọ́ orin, ó lọ. Ìlà Kẹta rí i. Àyà rẹ̀ já, ó sì bínú sí àyà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Káfíńtà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó dúró dè é lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ṣì ń dùn mí," ló fi bẹ̀rẹ̀, kò tiẹ̀ kí i. "Mo rò pé tí mo bá ń wá, kò ní dùn mí mọ́. Irọ́ ni. Tí ojú ẹ bá tàn báyẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé kò sóhun tó kù tí mo lè fún ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ní kó o dákẹ́ mọ́ láé. Tó bá dùn mí, màá sọ fún ẹ pé ó dùn mí."

Ìlà Kẹta dúró sáàárín àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní láti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

"Ṣé ohun tó yẹ kó o ti sọ látijọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Kó o tó fi ìyá ẹ bojú?"

"Kí n tó fi wọ́n bojú."

"Òpònú!" ó ké. "Ọ̀dájú! Ojo! O fi ọdún kan mi ṣòfò nítorí gbólóhùn méjì!" Ó bú u látorí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, Káfíńtà ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, Ìlà Kẹta dúró mí. "Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o wá bá bàbá mi sọ ọ́. Má rán alárinà kankan."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó yí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìfẹ́ ló tú ìbínú rẹ̀ ká, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Mo wà níbẹ̀. Inú ṣì ń bí i lọ́jọ́ tó kó lọ sílé ọkọ, ó sì ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà ní ohùn tí àwọn ará àdúgbò fi ń yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu fún òun àti ìbínú rẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì máa wọlé bọ̀.